Kúáàdì tó ń dún kọ̀kọ̀kọ̀ létíkun: Kí ló ti tú, kí ló sì ti jẹ?

Ìró náà kò pọ̀ rárá. Kọ̀, kọ̀, kọ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń fi ìka kan ilẹ̀kùn, nígbàkígbà tí mo bá ti yí ọwọ́ báìkì náà sí òsì.

Etíkun kan lórílẹ̀-èdè Ghana la wà, lọ́jọ́ Sátidé kan. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọkùnrin ọdún 17, la háyà báìkì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin méjì, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní kúáàdì, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tó háyà wọn fún wa pé kí ni ìró yẹn. Ó ní iyanrìn ni, pé bí gbogbo wọn ṣe máa ń dún nìyẹn. Mo ti sanwó, ọmọ náà sì ti ṣíwájú lọ, ni mo bá gbà bẹ́ẹ̀.

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí táyà iwájú lápá òsì ṣàdédé yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹsẹ̀ ẹni tó rọ́. Ọwọ́ báìkì kọjú síwájú, táyà ọ̀tún kọjú síwájú, ti òsì ń wo òkun. Orí ló yọ mí, torí iyanrìn rírọ̀ ni mo wà, n kò sì sáré. Mo fi àyà gbá ọwọ́ báìkì, eyín mi gé mi létè, ó parí síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń sá eré tirẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé, ló wà lórí báìkì yẹn ńkọ́?

A wo abẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀tì tó yẹ kó di orí táírọ́ọ̀dù mú, ìyẹn irin gbọọrọ tó so ọwọ́ báìkì pọ̀ mọ́ táyà, ti tú jáde pátápátá. Ihò tó yẹ kí píìnì wà nínú rẹ̀ láti má jẹ́ kí nọ́ọ̀tì náà tú kò ní nǹkan kan nínú. Kì í sì í ṣe ọjọ́ yẹn ni píìnì náà jábọ́, torí ihò ọ̀hún ti dógùn-ún pa.

Iyanrìn kọ́ ló ń dún.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo ra kúáàdì àlòkù kan. Mo ti tú u palẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, mo ti já bọ́ọ̀tì mélòó kan sínú ihò, mo ti na owó tí kò yẹ kí n ná. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní títún báìkì ṣe, dídì í le ni. Ẹ gbọ́ ìró, ẹ wá nọ́ọ̀tì tó tú, ẹ di í, ó tán. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì tó tú ní ìdí tó fi tú, kó tó tú tán, ó ti máa ń jẹ lára ohun tó dì mú.

Láti Lac Rose dé etíkun Èkó

Kúáàdì kì í ṣe ohun àjèjì mọ́ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ní Lac Rose, adágún omi aláwọ̀ osùn tó wà nítòsí ìlú Dakar ní Senegal, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ máa ń gùn ún káàkiri orí òkìtì iyanrìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní erékùṣù Sal àti Boa Vista ní Cape Verde. Ní Èkó, ẹni tó bá lọ sí etíkun lópin ọ̀sẹ̀ tàbí lásìkò ọdún yóò rí i níbi tí àwọn ọmọ ti ń fi gbá iyanrìn kiri láàrin àwọn ẹlẹ́ṣin àti àwọn tó ń ta súyà.

Lac Rose yìí náà ni ìdíje Dakar ti máa ń parí lọ́pọ̀ ìgbà, títí di ọdún 2007, kí wọ́n tó kó ìdíje náà kúrò nílẹ̀ Áfíríkà. Nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀, mẹkáníìkì kì í sùn. Gbogbo alẹ́ ni wọ́n ń fi sípánà kan nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Kúáàdì tí wọ́n ń háyà létíkun ń jẹ irú iyanrìn kan náà, ó tún ń mu omi iyọ̀ lé e, àwọn èèyàn tí kò mọ̀ ọ́n gùn sì ń pààrọ̀ ara wọn lórí rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́?

Nígbà tí ilé iṣẹ́ Honda kọ́kọ́ gbé irú ọkọ̀ yìí jáde lọ́dún 1970, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní. Ọdún 1982 ni Suzuki gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin jáde. Jàm̀bá tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń fà pọ̀ débi pé lọ́dún 1988, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣàdéhùn pé àwọn kò ní ta tuntun rẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ mẹ́rin sàn jù, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mẹ́rin tí ọ̀kan nínú rẹ̀ bá ti yẹ̀, mi ò mọ ohun tí a ó pè é.

Ọ̀pọ̀ èyí tí a ń rí lágbègbè wa ló kéré, tó wá láti China, tó ń fi ṣéènì wa táyà ẹ̀yìn bíi ti ọ̀kadà. Irin kan ṣoṣo ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Irú èyí ni mo ní, òun ni mo sì máa dá lé jù.

Kí ló dé tí bọ́ọ̀tì fi ń tú?

Ẹ fojú inú wo rọ́bà tí wọ́n fi di owó. Bẹ́ ẹ bá fà á, ó fẹ́ padà sí bó ṣe wà, fífẹ́ tó fẹ́ padà yẹn ló fi ń di owó náà mú. Bọ́ọ̀tì náà rí bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dì í dáadáa, irin náà máa ń gùn díẹ̀ tí ojú kò lè rí, bó ṣe ń fẹ́ sún kì padà ló fi ń fún ohun méjì tó wà láàrin rẹ̀ pọ̀.

Lọ́dún 1969, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Jámánì kan, Gerhard Junker, fi hàn pé kì í ṣe gbígbọ̀n sókè sódò ló ń tú bọ́ọ̀tì jù. Gbígbọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ ni. Bí ohun méjì tí bọ́ọ̀tì fún pọ̀ bá ti ń yọ̀ lórí ara wọn, bó ti wù kó kéré mọ, nọ́ọ̀tì á máa fúnra rẹ̀ yí padà díẹ̀díẹ̀. Bí wọn kò bá yọ̀, kò ní tú.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó ń tún kúáàdì ṣe. Bọ́ọ̀tì tí ẹ dì lé iyanrìn tàbí ọ̀dà tó nípọn yóò dẹ̀ nígbà tí iyanrìn náà bá fọ́, torí náà ẹ nu ojú irin méjèèjì mọ́ kẹ́ ẹ tó dì í. Bọ́ọ̀tì tó wà nínú ihò tó ti jẹ tóbi yóò máa yọ̀ kiri ṣáá ni, kò sí bẹ́ ẹ ṣe dì í tí kò ní tú. Wáṣà oníkọ́yí tí gbogbo wa fọkàn tán, èyí tí wọ́n gé lójú kan tó sì gbé ẹnu sókè, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan tí wọ́n bá gbé e sórí ẹ̀rọ tí Junker ṣe. Mo mọ̀ pé àwọn mẹkáníìkì kan á bá mi jà lórí èyí. Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ díẹ̀ ṣì ń bá mi jà lórí rẹ̀.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni nọ́ọ̀tì tó ní rọ́bà nínú, tó bá ṣì tuntun. Èyí tí ìka ọwọ́ bá lè yí dé ìsàlẹ̀ ti kú. Gọ́ọ̀mù bọ́ọ̀tì náà ń ṣiṣẹ́, aláwọ̀ búlúù fún èyí tí ẹ máa tú lọ́jọ́ iwájú. Aláwọ̀ pupa kì í tú àfi kẹ́ ẹ fi iná yọ́ ọ. Gọ́ọ̀mù kì í mú lórí gírísì, ẹ fọ tírẹ́ẹ̀dì náà kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó kán an sí i.

Ẹ gbé e sókè kẹ́ ẹ tó mú sípánà

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ sínú àpò. Ẹ fi jáàkì gbé iwájú rẹ̀ sókè, kẹ́ ẹ sì fi igi tó nípọn ti abẹ́ férémù. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Ẹ má sì lo búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì, ó lè fọ́ lójijì.

Ẹ di táyà iwájú kan mú, ọwọ́ kan lókè níbi tí aago 12 wà, ọwọ́ kan nísàlẹ̀ níbi aago 6. Ẹ fa òkè síta, ẹ ti ìsàlẹ̀ wọlé, kẹ́ ẹ tún ṣe é ní ìdàkejì. Táyà tó dára kò ní mì. Tó bá ń ṣe gọ́lọ́gọ́lọ́, nínú ohun méjì, ọ̀kan ló sábà máa ń fà á: bíárìn inú họ́ọ̀bù, tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tó so apá irin mọ́ ibi tí táyà ń yí lé.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́? Ẹ ní kí ẹnì kan tẹ bíréèkì iwájú mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ tún mi táyà náà bíi ti àkọ́kọ́. Bíréèkì yóò ti di họ́ọ̀bù mọ́ ohun tó gbé e. Bí mímì náà bá dáwọ́ dúró, bíárìn ni. Bó bá ṣì ń mì síbẹ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ni, tàbí búùṣì tó wà níbi tí apá irin ti wọ férémù. Kò ná yín ní kọ́bọ̀, mo sì ti rí ẹni tó ra bíárìn méjì lásán torí pé kò mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ táyà, níbi aago 3 àti 9, kẹ́ ẹ máa yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ di ọwọ́ báìkì mú. Ibí yìí ni orí táírọ́ọ̀dù ti máa ń fara hàn. Ẹ gbé ìka lé orí rẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń mi táyà, ìka máa ń mọ̀ ṣáájú ojú. Ká ní ẹnì kan ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, ètè mi ì bá má bẹ́.

Ṣọ́ọ̀kì kò gba àkókò. Ẹ tẹ iwájú báìkì mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Tó bá gbé sókè tó sì dúró, ó dára. Tó bá ń fò bíi bọ́ọ̀lù, tàbí tí òróró ń ṣàn lára rẹ̀, ó ti lọ. Tó bá dún kọ̀ nìkan, ẹ wo bọ́ọ̀tì òkè àti ti ìsàlẹ̀ àti rọ́bà tó wà nínú wọn.

Ẹ̀yìn ni ẹ̀rù wà

Ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè báyìí, kẹ́ ẹ di táyà kan mú, kẹ́ ẹ fà á síta, kẹ́ ẹ tì í wọlé, kẹ́ ẹ sì gbé e sókè sódò. Torí pé irin kan ṣoṣo ló so méjèèjì pọ̀, bí ọ̀kan bá mì, ìkejì á dá a lóhùn. Àárín wọn ni ilé bíárìn wà, ohun tó gbé irin náà dúró. Àwọn bọ́ọ̀tì tó di ilé bíárìn yìí mú ni mo máa ń kọ́kọ́ wò lórí kúáàdì kékeré tó wá láti China, torí pé àwọn náà ni wọ́n máa ń tú kí ẹ lè fa ṣéènì le, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í sì í dì wọ́n padà bó ṣe yẹ.

Bí wọ́n bá dẹ̀, irin ẹ̀yìn á wọ́, ṣéènì kò ní bá ọ̀nà rẹ̀ lọ mọ́, ó lè fò kúrò lórí sípírókẹ́ẹ̀tì. Lórí ọ̀kadà, ṣéènì tó bọ́ lè jẹ́ ìdúró lásán. Lórí kúáàdì, bí ṣéènì bá wé mọ́ irin ẹ̀yìn, táyà méjèèjì lè há lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tẹ́ ẹ wà lórí eré. Ó sì tún lè lu ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì fọ́.

Ṣéènì fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ le bí okùn gìtá. Ẹ wọn bó ṣe ń lọ sókè sódò láàrin sípírókẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Lórí ọ̀pọ̀ kúáàdì kékeré, láàrin milimita 25 sí 40 ni, ṣùgbọ́n ìwé tó bá báìkì yín wá ló ni àṣẹ. Ẹ fi ọwọ́ yí táyà, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n níbi tó ti le jù, torí ṣéènì tó ti gbó kì í dẹ̀ bákan náà yíká. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ṣéènì àti sípírókẹ́ẹ̀tì lè gé ìka kẹ́ni tó ni ín tó mọ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti gbó, ẹ fà á kúrò lára sípírókẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn níbi tó jìnnà jù sẹ́yìn. Bẹ́ ẹ bá ti ń rí ìdajì eyín, ó tó gẹ́ẹ́. Eyín tó ti tẹ̀ sí apá kan bí ìrù ẹja náà ti tán. Ẹ pààrọ̀ ṣéènì àti sípírókẹ́ẹ̀tì méjèèjì pọ̀, torí ṣéènì tuntun lórí eyín tó ti gbó, owó tẹ́ ẹ sọ sínú òkun ni. Bí ẹ bá sì ń so ṣéènì náà pa dà, ẹnu kílíìpù tó là gbọ́dọ̀ kọjú sẹ́yìn, ìdí rẹ̀ tó dì ni kó máa ṣíwájú níbi tí ṣéènì ń lọ.

Mo tún rí àwọn tó ń fi gírísì gidi kun ṣéènì létíkun. Gírísì àti iyanrìn tí wọ́n bá pò pọ̀, yanrìn tí wọ́n fi ń lọ irin ni wọ́n ti dà. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ kán òróró díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ nu ìyókù kúrò.

Nípa ti àwọn kúáàdì ńlá tí kò ní ṣéènì, tí irin gbọọrọ ń wa táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọn, ẹ wo rọ́bà dúdú tó bo oríkèé irin náà lẹ́bàá táyà. Bó bá ti ya, iyanrìn ti wọlé nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá yí ọwọ́ tó ń dún tàkìtàkì, oríkèé yẹn ló ń ké.

Èyí tó ṣeé dì, èyí tó yẹ kẹ́ ẹ jù nù

Ní oṣù kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo di nọ́ọ̀tì họ́ọ̀bù ẹ̀yìn kúáàdì mi. Ó máa ń dún gbọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kan tí mo bá ti tẹ iná láti dúró. Mo dì í, ó dákẹ́ fún ọjọ́ méjì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà kẹta, mo fi sípánà ńlá, mo tún fi páìpù gùn ún lọ́wọ́. Ó dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Nígbà tí mo wá yọ họ́ọ̀bù náà, eyín inú rẹ̀, èyí tó yẹ kó wọ eyín orí irin ẹ̀yìn pẹ́kípẹ́kí, ti tinrín bí eyín òòyà tó ti gbó. Eyín orí irin náà ti jẹ pẹ̀lú. Ìgbà tí nọ́ọ̀tì náà kọ́kọ́ dẹ̀ ni eyín méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn, gbogbo dídì tí mo ń dì lẹ́yìn náà, mo kàn ń bo egbò mọ́lẹ̀ ni. Ká ní mo yọ ọ́ wò nígbà àkọ́kọ́, họ́ọ̀bù nìkan ni ǹ bá rà. Mo ra họ́ọ̀bù, mo ra irin.

Nítorí náà, ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi báyìí ni pé: ṣé bọ́ọ̀tì ló dẹ̀ ni, àbí ohun tó dì mú ló ti jẹ? Bí ẹ bá dì í bó ṣe yẹ tí mímì náà sì lọ pátápátá, tí kò padà lẹ́yìn tẹ́ ẹ gùn ún díẹ̀, bọ́ọ̀tì ló dẹ̀. Bó bá padà, ẹ má dì í mọ́. Ẹ tú u. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, bíárìn, orí táírọ́ọ̀dù àti búùṣì kò ní dídì, pípààrọ̀ ni wọ́n ní.

Nọ́ọ̀tì tó ní eyín bí adé wà fún píìnì. Ẹ dì í dé ìwọ̀n, bí ihò kò bá bá ara wọn mu, ẹ dì í síwájú díẹ̀ sí i títí wọn á fi bá ara wọn mu. Ẹ má tú u padà sẹ́yìn láti wá ihò. Píìnì tí ẹ bá yọ, ẹ sọ ọ́ nù, torí irin tí wọ́n ti tẹ̀ tí wọ́n tún nà yóò kán. Ìṣó tàbí wáyà tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ kì í ṣe píìnì.

Sípánà tó ń sọ ìwọ̀n agbára dára gan-an, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ní in. Bẹ́ ẹ kò bá ní, ẹ rántí pé àwọn tó ń ṣe sípánà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe èyí tó kéré ní kúkúrú, kí agbára ọwọ́ má bàa pọ̀ jù fún bọ́ọ̀tì kékeré. Páìpù tí ẹ bá fi gùn ún lọ́wọ́, òun ló ń já bọ́ọ̀tì. Ẹ bi mí, mo mọ̀.

Wẹ́dà ńkọ́? Mo ti rí họ́ọ̀bù tí wọ́n jó mọ́ irin ẹ̀yìn kó má bàa mì mọ́. Kò mì mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iná náà ti jó rọ́bà bíárìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti yí líle irin náà padà níbi tí wọ́n jó o sí, kò sì sí ẹni tó lè yọ bíárìn náà mọ́ láìgé irin. Bó bá jẹ́ ilé bíárìn ló ti jẹ tóbi, ẹ má gé agolo mílíìkì sí i láàrin. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ tọ́nà tó ní ẹ̀rọ léèdì, yóò fẹ̀ ẹ́ sí i, yóò sì ki òrùka irin bọ̀ ọ́ tí bíárìn tuntun á wọ̀ dáadáa.

Nọ́ḿbà ni kẹ́ ẹ mú lọ sọ́jà

Bẹ́ ẹ bá dé Ladipo ní Èkó, Nnewi ní ìpínlẹ̀ Anambra, Abossey Okai ní Accra tàbí Suame Magazine ní Kumasi tẹ́ ẹ ní bíárìn kúáàdì lẹ ń wá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n sọ pé kò sí. Ẹ má dárúkọ kúáàdì rárá. Ẹ nu ara bíárìn àtijọ́ yín, ẹ ó rí nọ́ḿbà. Tó bá jẹ́ 6204, ihò inú rẹ̀ jẹ́ milimita 20, ìta rẹ̀ jẹ́ 47, ó nípọn tó 14. Tó bá jẹ́ 6205, ó jẹ́ 25, 52 àti 15. Nọ́ḿbà yìí kò yàtọ̀ yálà ọ̀kadà ló wà fún, ẹ̀rọ ìlọta, tàbí kúáàdì. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n kọ 2RS sí lára, ìyẹn ni pé rọ́bà wà lójú rẹ̀ méjèèjì tí kò ní jẹ́ kí iyanrìn wọlé.

Ẹ tún kìlọ̀ fún ẹni tó ń fọ̀ ọ́. Omi tútù tí kò ní iyọ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣan báìkì tó ti etíkun dé, lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n kó má gbé ẹnu ẹ̀rọ tó ń tu omi pẹ̀lú agbára sójú bíárìn, torí ó máa ń ti omi àti iyanrìn kọjá rọ́bà náà wọ inú.

Fọkanáísà náà ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Táyà kúáàdì kì í gba atẹ́gùn bíi ti mọ́tò. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ju 3 sí 7 lórí òṣùwọ̀n psi lọ, nígbà tí ti mọ́tò ń lọ sí bí 30. Táyà tí wọ́n fún le bí òkúta máa ń fi gbogbo gbígbọ̀n ojú ọ̀nà ránṣẹ́ sí bọ́ọ̀tì àti ṣọ́ọ̀kì, ó sì máa ń fò lórí ilẹ̀ líle.

Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ háyà ni

Ẹ kò ní gbé jáàkì lọ sí etíkun. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kan tó. Ẹ fi ẹsẹ̀ ti táyà kọ̀ọ̀kan lókè, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó mì. Ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kẹ́ ẹ wò bóyá táyà iwájú méjèèjì jọ ń yí lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí ọwọ́ kọ́kọ́ ń lọ kí táyà tó tẹ̀ lé e. Ẹ ka nọ́ọ̀tì táyà, kí wọ́n pé. Ẹ tẹ bíréèkì. Ẹ béèrè àṣíborí. Ọ̀pọ̀ kúáàdì jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, ẹ má gbé ọmọ sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ kọ̀kọ̀kọ̀ tí wọ́n sì sọ fún yín pé iyanrìn ni, ẹ gba owó yín padà.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń háyà rẹ̀ fún èèyàn, ìgò ọ̀dà funfun kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rà. Bẹ́ ẹ bá ti di nọ́ọ̀tì kan bó ṣe yẹ, ẹ fa ìlà tín-ín-rín láti orí nọ́ọ̀tì náà dé ara irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Láràárọ̀, ẹ rìn yí báìkì ká. Ìlà tí kò bá tọ́ mọ́, nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti yí. Ẹ kò nílò sípánà láti mọ̀ ọ́n.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń fa ìlà sára tèmi. Ó ní òun kò gùn ún mọ́ àfi tí òun bá kọ́kọ́ wò ó. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo ti wọ bàtà, mo ti gbé àṣíborí lọ́wọ́, ló bá ké pè mí láti abẹ́ ẹ̀yìn báìkì pé, "Ọ́ńkù, ẹ wá wo eléyìí." Ìlà orí ọ̀kan nínú bọ́ọ̀tì ilé bíárìn ti fi bí ìbú èékánná yà kúrò lára ìkejì rẹ̀. A tú u, tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ti jẹ níwájú. A kò dé etíkun lọ́jọ́ náà, ọjà la lọ, láti wá bọ́ọ̀tì.